"Irú ni èyí": bí sóyà ṣe wọ ìkòkò wa n'Íbàdàn

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀. Thread yìí máa gùn díẹ̀, àmọ́ oúnjẹ wà ní ìparí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ soy sauce ni, àti bí ẹ ṣe lè fi rẹ adìyẹ nílé láìnáwó púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú Ìbàdàn náà ni. Ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà mi sì ni, torí àwọn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

2/ Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gbéra l'Ágbowó, mo lọ kí Màmá nílé àǹtí mi ní Challenge. Mo ti ya Ring Road, mo ra itan adìyẹ kílò kan àti soy sauce ìgò kékeré kan. Mo fẹ́ kí Màmá rí i pé ọmọ ọmọ wọn ọkùnrin náà ti ń dáná. Mo gún áyù àti atalẹ̀, mo da omi dúdú yẹn lé e lórí nínú abọ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń wò mí.

3/ "Àlàó, kí lò ń dà sórí ẹran tó dúdú báyìí?"

"Soy sauce ni, Mà. Àwọn ará Ṣáínà ló ni ín."

Wọ́n gba ìgò náà, wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n kán an sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Irú ni èyí. Wọ́n kàn fún omi ẹ̀ jáde ni."

4/ Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, irú kọ́ o. Ti òkè òkun ni." Wọ́n ní, "O ti gbọ́ tèmi," wọ́n bá padà lọ jókòó.

Èmi náà kì í lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú tì mí, torí ó kù díẹ̀ kí gbogbo ohun tí Màmá sọ jẹ́ òótọ́.

5/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Shoyu ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ dúdú yìí ní Jàpáàn. Láàárín ọdún 1600 sí 1700, àwọn oníṣòwò Họ́lándì tó ń gbé ní Nagasaki ń kó o lọ sí Yúróòpù. Ẹnu wọn yí i sí soja, ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yí i sí soy.

Ṣé ẹ rí i? Ọbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n wá fi orúkọ ọbẹ̀ sọ ẹ̀wà. Ó dà bíi kí àlejò kan mọ ẹ̀kọ kó tó mọ àgbàdo, kó wá máa pe àgbàdo ní "èso ẹ̀kọ".

6/ Ṣáínà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ sọ́jú ẹ̀wà kó lè kan, kó sì pẹ́. Jiang ni wọ́n ń pe èyí tó ki. Láti ara ẹ̀ ni èyí tó ṣàn ti jáde.

7/ Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á se ẹ̀wà sóyà kó rọ̀, wọ́n á yan àlìkámà, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á pò ó mọ́ ọn. Wọ́n á jẹ́ kó bu fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Irú nǹkan tó ń hù lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni, àmọ́ èyí tí kì í pani lára ni wọ́n ṣà. Aspergillus oryzae lorúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á rì í sínú omi iyọ̀ fún bí oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wá fún un. Omi tó jáde ni soy sauce.

"Wọ́n kàn fún omi ẹ̀ jáde ni." Hmm. Màmá.

8/ Ó ya, ẹ wo irú tiwa. Ẹ ó se èso igbá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó tún un sè. Ẹ ó kó o sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi ewé bò ó, ẹ ó fi àpò dì í kó lè móoru. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, òórùn á ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé irú ti dé.

Tirẹ̀ kì í bu. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

9/ Èyí tó wá yà mí lẹ́nu: ní Jàpáàn, wọ́n ní oúnjẹ kan tó ń jẹ́ natto. Sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é, Bacillus subtilis yẹn náà ló sì ń sọ ọ́ di natto. Ó ń fà yọ̀ọ̀, ó ń rùn, àwọn ọmọ wọn míì ò sì fẹ́ ẹ rí. Ẹ̀yin tó ń di imú tí wọ́n bá ń se ẹ̀fọ́ elírú ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ mọ ara yín.

Ọmọ ìyá ni irú àti natto. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni soy sauce.

10/ Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń fọ́ purotéènì inú ẹ̀wà sí wẹ́wẹ́. Lára àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni glutamate wà. Òun ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ kún lẹ́nu, kí ahọ́n máa bèèrè sí i.

Lọ́dún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo tó ń jẹ́ Kikunae Ikeda rí i nínú omi ewé òkun tí wọ́n fi ń sebẹ̀. Ó pe adùn yẹn ní umami. Nígbà tó di 1909, wọ́n ti ń tà á ní èyí tó dà bí iyọ̀: Ajinomoto. Bẹ́ẹ̀ ni, "màgí funfun" ilé yín yẹn.

11/ Ẹ di ọdún 1908 yẹn mú, torí ọdún yẹn náà ni sóyà kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ẹ sì mọ ibi tó wọ̀? Ìbàdàn níbí. Moor Plantation. Tí ẹ bá wọ mọ́tò ní Dùgbẹ̀ tó ń lọ sí Àpáta, ẹ ó kọjá níwájú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé nǹkan àwọn Ṣáínà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ẹ̀wà yìí ti tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn.

12/ Kí ló gbé e wá? Ní àkókò yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ òróró nílùú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ra sóyà láti Manchuria fún ọṣẹ àti oúnjẹ ẹran. Ìjọba amúnisìn fẹ́ wò ó bóyá tiwọn náà lè hù níbí. Ti ìkòkò wa kọ́. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin kankan n'Íbàdàn pé, "Ìyá, kí lẹ lè fi èyí sè?"

Kò ṣe dáadáa. Wọ́n pa á tì.

13/ Wọ́n tún gbìyànjú. Lọ́dún 1937, wọ́n gbin irúgbìn kan tó wá láti Malaya. Èyí hù. Àwọn àgbẹ̀ Tiv ní Benue gbà á, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń tà á fáwọn tó ń kó o ròkè òkun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò jẹ ẹ́.

Ta ni máa dá wọn lẹ́bi? Ẹ lọ se sóyà bí ẹ ṣe ń se ẹ̀wà olóyin. Gáàsì yín á tán, kò ní í rọ̀, á sì máa rùn bí ewé tútù. Ẹ má sọ pé mi ò kìlọ̀.

14/ Ìgbà tó di 1967, wọ́n dá IITA sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ọ̀jọ́ọ̀. Owó Ford Foundation àti Rockefeller Foundation ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba iwájú géètì yẹn kọjá, mo rò pé ibi táwọn èèyàn ti ń lọ ya fọ́tò lẹ́bàá omi nìkan ni.

Nínú ibẹ̀ ni wọ́n ti tú ìdí ohun tó ń dá sóyà dúró.

15/ Ìṣòro àkọ́kọ́: irúgbìn tó wá láti Amẹ́ríkà kì í pẹ́ nípamọ́. Tí ẹ bá kórè, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ó ti kú. Kò ní í hù mọ́.

Ìkejì: sóyà máa ń ní kókó kéékèèké lára gbòǹgbò. Kòkòrò àìfojúrí ń gbé inú kókó yẹn, òun ló ń bá a sọ afẹ́fẹ́ di ajílẹ̀. Sóyà Amẹ́ríkà ń ṣakọ. Kò gba kòkòrò inú ilẹ̀ tiwa. Àfi kẹ́ ẹ ra tiẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Àgbẹ̀ ìdí oko Ìṣẹ́yìn, níbo ló ti fẹ́ rí i rà?

16/ Ohun tí IITA ṣe ni pé wọ́n mú sóyà Amẹ́ríkà tó ń so dáadáa, wọ́n fi bá sóyà Éṣíà tó ń pẹ́ nípamọ́ tó sì ń gba kòkòrò tó bá bá nílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n ń pè ní TGx. Kenton Dashiell wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ń jẹ́ TGx 1448-2E.

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Àlejò tó dé, tó jẹ ohun tí onílé ń jẹ, ló tó pẹ́ nílé.

17/ Ó ti hù. Ta ló máa jẹ ẹ́? Lọ́dún 1987, IITA àti IAR&T, tó wà ní Moor Plantation yẹn kan náà, pẹ̀lú owó IDRC ti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Wọn ò gbé oúnjẹ tuntun wá. Oúnjẹ tí obìnrin ń sè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó fi sóyà sí: ògì, mọ́ínmọ́ín, wàrà, irú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sidi Osho, tó wá di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Afe Babalola University, wà nídìí iṣẹ́ sóyà ní IITA.

Tẹ́ ẹ bá ti jẹ bẹ́sìkẹ́ rí, tí wọ́n dín tí wọ́n sì fi ata wọ́n, sóyà lẹ jẹ.

18/ Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ìtàn yìí bíi pé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ló ti wá. Kí 1987 tó dé, àwọn obìnrin apá gúúsù Kàdúná ti ń fi sóyà ṣe dàddáwà fúnra wọn. Igi igbá ń dín kù, ẹ̀wà yìí sì wà níbẹ̀, wọ́n gbìyànjú ẹ̀, ó ṣe é ṣe.

Ó bọ́gbọ́n mu. Igi igbá ń pẹ́ kó tó so, wọ́n sì ń gé e fún igi ìdáná àti èédú. Sóyà ò ju bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lóko. Ó ń tètè jinná ju igbá lọ, èèpo ẹ̀ sì rọrùn ún bó.

19/ Bí mo ṣe ka gbogbo èyí tán, mo padà sí Challenge. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jàre. Irú ni lóòótọ́. Kódà, sóyà ni wọ́n fi ń ṣe irú míì báyìí."

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tilẹ̀kùn. Wọ́n wá sọ ohun tí àwa ọmọ ọmọ ò gbọ́ rí fún mi.

20/ Irú ni Màmá ń tà ní Bódìjà láyé ọjọ́ sí. Èyí la mọ̀. Ohun tá ò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi padà sídìí ata.

Igbá ti gbówó lórí nígbà yẹn. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi sóyà ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ pò ó ní ìlàjì. Nígbà tó yá, sóyà nìkan ni. Àwọn oníbàárà ń rà á, wọ́n ń yìn ín. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ.

21/ Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí àpò sóyà lábẹ́ tábìlì wọn. Ó figbe ta: "Ẹ wá wo oníjìbìtì o! Ẹ̀wà ló fi ń ṣe irú fún wa!" Ó da irú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Ọjà dúró. Àwọn tí Màmá ti ń bá jẹun láti ọdún pípẹ́ ń wò wọ́n.

Màmá di ẹrù wọn. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò ta irú mọ́ láyé.

22/ Wọ́n bi mí pé, "Ìwọ tó o kàwé, ṣé mo jẹ̀bi?"

Mi ò tètè dáhùn. Kí wọ́n tó ní kí n sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn: "Mi ò sọ fún wọn. Ìyẹn ni mo jẹ̀bi ẹ̀. Àmọ́ irú ni, Àlàó. Irú gidi ni. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń lá ọwọ́."

Wọ́n wá nawọ́ sí ìgò soy sauce tó ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù àǹtí mi. "Àwọn tó ṣe tinú ìgò yẹn, wọ́n pe àwọn náà ní oníjìbìtì?"

23/ Mo ní, "Rárá, Mà. Wọ́n kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára ìgò."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Mi ò mọ̀wé. Ta ni ì bá bá mi kọ ọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, mi ò tíì rí i.

24/ Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Ìjọba kan ilẹ̀kùn fún sóyà lọ́dún 1908, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó tó bí ọgọ́rin ọdún kó tó wọlé dáadáa, ìkòkò obìnrin ló sì gbà wọlé. A mọ nọ́ńbà irúgbìn: 1448-2E. A mọ ọdún. A mọ ẹni tó fowó sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó fi ọjà wọn dán an wò, tí àwọn kan fi orúkọ rere wọn san án, kò sí nọ́ńbà tiwọn níbì kankan.

Tí ìyá àgbà yín bá ṣì wà, ẹ lọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n tà, kí ló sì dé tí wọ́n fi pa á tì.

25/ Ó ya, oúnjẹ. Fún adìyẹ kílò kan:

- soy sauce ṣíbí ìjẹun 4
- òróró ṣíbí 2
- oyin ṣíbí 1 (ṣúgà náà ṣe é)
- omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 1
- áyù ojú 4 àti atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ẹ gún wọn
- ata gígún bó bá ṣe wù yín
- irú pẹ̀tẹ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Ti Màmá nìyí. Ẹ má yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ má fi màgí sí i. Iyọ̀ inú soy sauce ti tó: ṣíbí ìjẹun kan ti lé ní gíráàmù 2 iyọ̀. Ẹ rántí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru inú ilé.

26/ Ẹ fi ọ̀bẹ la ara ẹran díẹ̀díẹ̀, ẹ pò ó, ẹ dé e, ẹ gbé e sí fíríìjì. Wákàtí méjì tó, àmọ́ kó sùn mọ́jú ló dùn jù. Tó bá jẹ́ ẹja, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó, kó má baà le.

Iyọ̀ inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹran di omi ara ẹ̀ mú tí ò fi ní í gbẹ. Oyin ló ń jẹ́ kó pọ́n, òun náà ló sì ń tètè jóná, torí náà ẹ má jẹ́ kí iná ga jù.

27/ Tí NEPA bá mú iná, ẹ má fi í sílẹ̀ níta ju wákàtí méjì lọ. Omi tó rẹ ẹran tútù, ẹ má dà á sórí ẹran tó ti jinná, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sè é kó hó dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra soy sauce, ẹ ka ara ìgò. Tẹ́ ẹ bá rí "naturally brewed", wọ́n jẹ́ kó kan fúnra ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ "hydrolysed vegetable protein" ló wà níwájú, ásíìdì ni wọ́n fi fọ́ purotéènì ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àlìkámà sì máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin tí ara yín kì í gbà á.

28/ Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sè é fún Màmá pẹ̀lú irú wọn nínú ẹ̀. Irú sóyà ni. Mo rà á ní Bódìjà, mo sì bi ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Sóyà ni o, ṣé ẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Ó sọ ọ́ fatafata, kò bò ó.

Mo ròyìn fún Màmá bí obìnrin yẹn ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

29/ Wọ́n jẹ itan méjì. Wọ́n fọwọ́ nu ẹnu. Mo ní mo fẹ́ kọ ìtàn wọn síbi táwọn èèyàn á ti kà á, ṣé kí n kọ ọ́?

Wọ́n ní, "Kọ ọ́. Má dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sóyà ni, kí gbogbo wọn mọ̀."

Sóyà ni o.